Ìrìnàjò ìgbafẹ́ láti Kabba sí Ikogosi, àti ìwé tí wọ́n ní kí n buwọ́ lù lóru

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Bí kì í bá ṣe ti ìwé kan tí wọ́n nà sí mi láàárín òru ni, ǹ bá má kọ nǹkan kan nípa àwọn tó ṣètò ìrìnàjò yìí. Mi ò ní dárúkọ wọn. Mi ò sì ní dárúkọ òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kó wa sí ní Èkìtì, àfi kí n sọ pé kì í ṣe èyí tó wà níbi omi Ikogosi gan-an.

₦120,000 ni wọ́n gbà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan: ọkọ̀, ibùsùn, oúnjẹ, owó ìwọlé sí Ikogosi àti sí Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú owó kan ṣoṣo yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí orí rẹ̀ la ṣì ń bọ̀. Èmi, ìyàwó mi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ sanwó. Ta ni ò mọ Ikogosi? Omi gbígbóná pàdé omi tútù, wọ́n sì ní wọn kì í da ara wọn rú. Ó dára, ẹ lọ wò ó.

Ọkọ̀ ò fi wá ṣòfò. A gba Ayetoro-Gbede, Iyamoye, a bọ́ sí Òmùò, oòrùn ò tíì le. Awakọ̀ ti kìlọ̀ látilẹ̀ pé òun ò ní wakọ̀ lọ́jú ọ̀nà yẹn tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹni tó bá sì pẹ́ dé gáréèjì, ilé ni yóò ti kí Ikogosi. Ẹni tó bá mọ bí ojú ọ̀nà wa ṣe rí lóde òní á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n nìyẹn. A dúró ní Ìkòlé, a ra bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà. Ẹ fi bọ̀ọ̀lì yẹn náà sọ́kàn.

Lálẹ́, ìrẹsì díńdín àti adìyẹ ni òtẹ́ẹ̀lì gbé kalẹ̀. Àwọn bàbá Yàgbà méjì tó jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀ fárígá, wọ́n ní àwọn ò ní jẹ ìrẹsì sùn, iyán làwọn ń fẹ́. Wọ́n rojọ́ títí ilé ìdáná fi gún un fún wọn.

Kó tó di aago mọ́kànlá, ìyàwó mi ti ń bì. Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi náà fi bẹ̀rẹ̀, tirẹ̀ sì pọ̀ ju èébì lọ, ó ń yàgbẹ́ gbuuru títí kò fi lè dìde nílẹ̀ ilé ìwẹ̀ mọ́. Mo ń gbọ́ ẹni tó ń bì ní yàrá kejì, mo tún ń gbọ́ ti òkè. Mo lọ kan ilẹ̀kùn ọmọkùnrin tó ń darí wa. Ó jáde kíákíá, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Dádì," ó sì bá mi sáré lọ síbi tí wọ́n ti ń gba àlejò. Títí débẹ̀, mi ò rí ẹ̀bi rẹ̀.

Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì sọ pé òtẹ́ẹ̀lì ní ọkọ̀ tó lè gbé wa lọ sọ́sípítù, ṣùgbọ́n máníjà ní kí àlejò kọ́kọ́ buwọ́ lùwé. Ó fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó mú ọ̀kan. Ọ̀kan, mo ní! Ìdì rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, wọ́n ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ jọ. Wọ́n fi ààyè sílẹ̀ fún orúkọ, nọ́ńbà yàrá àti déètì. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé èmi àlejò gbà pé àìsàn tó ń ṣe mí kò ti inú oúnjẹ ilé yìí wá, àti pé n kò ní bá ilé yìí tàbí ẹni tó mú mi wá síbẹ̀ ṣẹjọ́. Ẹni tó bá ti tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ pamọ́, ṣé èèyàn àkọ́kọ́ tó ṣàìsàn nílé rẹ̀ ni wá?

Kí n tó la ẹnu, ọmọ tó ń darí wa ti na báírò sí mi. "Dádì, ẹ kàn buwọ́ lù ú ká tètè máa lọ. Bọ̀ọ̀lì tí Màmá jẹ ní Ìkòlé ló ń dà wọ́n láàmú."

Mo ní, "Ìyàwó mi ò fẹnu kan bọ̀ọ̀lì. Kí ló ń da òun láàmú?"

Ó ní, "Bóyá ooru ọkọ̀ ni, sà."

Inú bí mi débi pé mi ò lè pariwo. Ọ̀dọ̀ àwa tó sanwó fún un ló yẹ kí ọmọ yẹn dúró sí. Ẹ̀yìn tábìlì lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọbìnrin yẹn, ló lọ dúró. Mi ò gba báírò. Mo ya ìwé náà ní fọ́tò, iwájú àti ẹ̀yìn, ọmọbìnrin náà sì ń sọ pé kò gbọdọ̀ jáde kúrò lórí tábìlì òun.

Ibi tí a ti ń fà á ni awakọ̀ wa ti jí. Inú bọ́ọ̀sì ló ń sùn sí, bẹ́ẹ̀ òun ló jẹ bọ̀ọ̀lì jù nínú gbogbo wa, kò sì sóhun tó ṣe é! Kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó ní, "Bàbá, Màmá dà?" Ó wọ yàrá, ó pọn ẹ̀gbọ́n mi sẹ́yìn bí ọmọdé, ó gbé e sínú ọkọ̀, ó padà wá mú ìyàwó mi àti àwọn tó ń bì lókè. Ọkùnrin tó kọ̀ láti wakọ̀ lálẹ́ látòwúrọ̀ ni ó. Ilé ìwòsàn aládàáni kan kò jìnnà sí ìgboro, ibẹ̀ ló gbé wa lọ. Ó jókòó tì wá lórí bẹ́ǹṣì títí ilẹ̀ fi mọ́.

Wọ́n fa omi sí ẹ̀gbọ́n mi lára. Ìyàwó mi, wọ́n po ORS (ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tó ń dá omi ara padà) fún un, páálí kan sínú omi mímọ́ lítà kan, wọ́n ní kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Dókítà náà bi wá ní ìbéèrè tó já fáfá: kí lẹ jẹ, aago mélòó lẹ jẹ ẹ́, ta ló jẹ ẹ́ tí kò ṣàìsàn? Ó ṣàlàyé pé kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú ìrẹsì tí iná kì í pa tán. Tí ìrẹsì tí a ti sè bá jókòó fún wákàtí púpọ̀ láìsí nínú fíríìjì, kòkòrò náà á pọ̀ sí i, á sì tu májèlé sínú rẹ̀, gbígbóná tí a bá tún gbé e kò ní mú májèlé náà kúrò. Láàárín wákàtí kan sí mẹ́fà lẹni tó jẹ ẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bì. A jẹun ní aago méje. Ẹ ṣírò rẹ̀. Àwọn bàbá Yàgbà ń kọ́? Oorun ni wọ́n ń sùn. Nígbà tó di ọ̀sán, ọmọ kan ní ilé ìdáná sọ fún mi pé ìrẹsì tó ṣẹ́ kù níbi ìnáwó tí wọ́n ṣe ní gbọ̀ngàn wọn lọ́jọ́ tó ṣáájú ni.

Dókítà ò kọ pé òtẹ́ẹ̀lì ló jẹ̀bi o. Ohun tó kọ ni pé ó jọ pé oúnjẹ ló fà á. Àbúrò mi tó ń gbé Manchester ní kí n má fojú kéré ìyàtọ̀ yẹn. Lọ́dọ̀ tiwọn, òfin ọdún 2018 sọ pé ẹni tó ta odindi ìrìnàjò fún ọ ni yóò jíhìn fún gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹlòmíràn ló se oúnjẹ. Síbẹ̀, ní 2017, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn wọn sọ nínú ẹjọ́ Wood àti TUI, iléeṣẹ́ tó ń ta ìrìnàjò, pé kí èèyàn kàn ṣàìsàn níbi ìsinmi kò tó, ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé oúnjẹ wọn ló fà á. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ẹni tó jẹ ìrẹsì àti ẹni tó jẹ iyán sílẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà yàrá wọn, mo sì gba rìsíìtì ilé ìwòsàn.

Àwa náà ní òfin tiwa, ọdún 2018 kan náà ni. Abala 130 nínú òfin tí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ń lò sọ pé oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ tó kájú òṣùwọ̀n, bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, ó lè ní kí wọ́n ṣàtúnṣe tàbí kí wọ́n dá ìdá tó tọ́ nínú owó rẹ̀ padà. Irú ìwé inú dúrọ́ọ̀ yẹn náà, òfin kò gbà kí ọlọ́jà fi àdéhùn gba ẹ̀tọ́ oníbàárà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí n má parọ́, ìyókù ìrìnàjò náà dùn. Wọ́n sún Olúmirìn síwájú nítorí ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò gba kọ́bọ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sísàlẹ̀, omi ń fọ́n sí i lójú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ tó na báírò sí mi wá dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì dárí jì í. Èmi ò tíì ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a dé Kabba, mo lọ bá ọ̀gá wọn ní ọ́fíìsì. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó kí mi, "Ọ̀kun, sà," ó gbé mínírà tútù wá, ó sì ní òun kọ́ lòun se ìrẹsì.

Mo ní, "Ta lo san owó fún láti sè é?"

Ó ní òtẹ́ẹ̀lì.

"Ta ni mo san owó fún?"

Ó dákẹ́. Ó wá ní òun á fún wa ní ẹ̀dínwó tí a bá bá wọn lọ sí Idanre. Mo ní ẹ̀dínwó kì í san gbèsè ọ́sípítù. Mo fi lẹ́tà sílẹ̀ fún un, fọ́tò ìwé yẹn àti rìsíìtì wà nínú rẹ̀, mo sì kọ ọ́ gbangba pé ẹ̀dà rẹ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ FCCPC bí n kò bá gbọ́ èsì. Èsì dé kí n tó rán ẹ̀dà náà. Wọ́n san gbogbo owó ilé ìwòsàn padà, wọ́n fi ₦90,000 lé e, wọ́n ní àwọn ò ní lo òtẹ́ẹ̀lì yẹn mọ́. Owó wọlé, mo rí i. Ti òtẹ́ẹ̀lì, mi ò lè jẹ́rìí.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn, awakọ̀ yẹn ló ni mẹ́ta níbẹ̀. Ìyàwó mi ní ọ̀kan péré ló yẹ wọ́n, mo sì ti ní kó kọ tirẹ̀.