Ẹ̀yin tó ń ra góòlù n'Íléṣà, ìkọ́ nìkan ni wúrà o!

Ẹ gbọ́ o, pàápàá ẹ̀yin tó ń múra ìgbéyàwó. Oníṣòwò góòlù kan wà nínú ìlú Iléṣà yìí tó ń ta idẹ lówó wúrà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ síbí, ṣùgbọ́n gbogbo ọgbọ́n àrékérekè rẹ̀ ni n ó tú síta, torí ó ti jẹ owó àjọ mi.

Ṣéènì 20 gíráàmù ló tà fún mi. Ó ní góòlù Ítálì ni, kárátì 18. Òǹtẹ̀ 750 wà lára ìkọ́ tí wọ́n fi ń so ó mọ́ ọrùn, ó hàn ketekete. Nínú ìdá 1000, wúrà 750 nìyẹn, òun náà ni kárátì 18 nínú 24. Ẹ máa ní ó yẹ kí n dán an wò. Wọ́n dán an wò! Lójú mi báyìí! Ó mú òkúta dúdú jáde, ó ha ìkọ́ mọ́ ọn, ó kán ásíìdì tí wọ́n fi ń dán kárátì 18 wò sórí ilà tó fà, ilà náà ò parẹ́. Ká ní idẹ ni, ì bá ti pòórá lójú ẹsẹ̀. Ó tún gbé òòfà sún mọ́ ọn, kò lẹ̀ mọ́ ọn. Mo sanwó.

Ìkọ́ ló ha mọ́ òkúta. Ẹ tún un kà. Ìkọ́! Ìkọ́ yẹn, tí kò wúwo ju gíráàmù kan lọ, wúrà 18 gidi ni. Wọ́n já a lára nǹkan mìíràn, wọ́n jó o mọ́ ṣéènì idẹ tí wọ́n fi omi góòlù bò. Gíráàmù kan wúrà, gíráàmù 19 idẹ, òǹtẹ̀ kan ṣoṣo ń jẹ́rìí èké fún gbogbo rẹ̀. Nígbà tí alágbẹ̀dẹ wúrà fi ayùn rin ara ṣéènì díẹ̀, tó kán ásíìdì sójú ibẹ̀, ṣe ló hó ṣùùù tó sì di àwọ̀ ewé. Bàbà inú idẹ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú tì mí níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

Òòfà yẹn ńkọ́? Òòfà kì í fa wúrà, kì í sì í fa idẹ, bàbà tàbí fàdákà. Irin àti irú rẹ̀ nìkan ló lè tú fó. Kódà ìkọ́ góòlù gidi lè lẹ̀ mọ́ òòfà díẹ̀, torí sípíríǹgì inú rẹ̀ lè jẹ́ irin. Ọ̀daràn! Ẹni tó mọ ibi tó yẹ kí òun ha mọ ohun tó ń ṣe.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àwárí owó pọ́ọ́kú ló kó bá mi. Iye tí àwọn yòókù ń pè náà ló pè. Ó yẹ kí n ní kó ha àárín ṣéènì, mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ló ń ki ayùn bọ àpò lọ ra góòlù? Òṣómàáló gan-an ni n ó ṣe sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Wọ́n ń wa wúrà n'Ítagúnmodi, wọ́n ń wà á n'Ípẹrìndó, nítòsí Iléṣà níbí, àwa wá ń fi idẹ sọ́rùn. Àwọn mìíràn tiẹ̀ máa ní wúrà ilẹ̀ wa làwọn fi rọ ọ́, pé bó ṣe ti inú ilẹ̀ jáde ló ti jẹ́ 24, kò nílò òǹtẹ̀. Irọ́ ni! Fàdákà máa ń wà nínú wúrà àwàjáde. Àfi tí wọ́n bá yọ́ ọ, tí wọ́n yọ ìdàrọ́ rẹ̀ kúrò, kó tó dé 24. Mi ò gba ìkankan wọn gbọ́ mọ́.

Omi ni kí ẹ fi mú wọn. Ẹ wọn ṣéènì lórí sikéèlì kékeré tó ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún gíráàmù. Ẹ gbé ife omi sórí sikéèlì náà, ẹ dá a padà sí òdo. Ẹ fi òwú so ṣéènì, ẹ rì í sómi pátápátá, kó má kan ìsàlẹ̀ tàbí ara ife. Iye tí sikéèlì bá kà, ẹ fi pín ìwọ̀n àkọ́kọ́. Kárátì 18 máa ń tó 15 sí 16. Ti 22 ń lé ní 17. Idẹ kì í dé 9. 20 gíráàmù mi ka 2.3 nínú omi. 1.3 ló yẹ kó kà! Tó bá jẹ́ oníhò nínú tàbí olókùúta, ìṣirò yìí kò ní ṣeé gbára lé.

Òǹtẹ̀ àti kárátì rẹ̀: 375 ni 9, 585 ni 14, 750 ni 18, 875 ni 21, 916 ni 22. Tí ẹ bá rí GP, GEP, HGE, RGP tàbí GF lẹ́yìn nọ́ńbà, awọ ara nìkan ni góòlù. Ẹ̀rọ ìtànṣán tí wọ́n fi ń ka kárátì náà kì í wọlé jinlẹ̀. Tí omi góòlù bá nípọn, ó lè tàn án jẹ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rin ín ní àárín, kí wọ́n kọ ìwọ̀n àti kárátì sí rìsíìtì. Tó bá kọ̀, ẹ máa lọ.

Bí ẹ bá ti rà á lọ́wọ́ rẹ̀, owó yín ni kí ẹ ní kó kó jáde. Yóò ní kí ẹ fi owó díẹ̀ kún un kí òun fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má gbà o, òmíràn yẹn náà ní ìkọ́.