Ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin tó ń ta kíìtì bàálù ńlá onípẹtiróòlù ní Ìkẹjà

Ẹ̀yin tí ẹ ń kan bàálù onírìmóòtù ní Èkó yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Ọkùnrin kan wà tó ń ta kíìtì, ìyẹn páálí ẹ̀yà tí ẹ máa fúnra yín kàn pọ̀, ti bàálù ńlá, èyí tí apá rẹ̀ gùn ní ínṣì 80 sókè, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì 55cc tó ń jẹ pẹtiróòlù. Orí WhatsApp àti Facebook ló ti ń polówó. Ó ní òun ní sọ́ọ̀bù ní Computer Village, ṣùgbọ́n tí ẹ bá débẹ̀, ìdí àtẹ̀gùn ni yóò ti pàdé yín, á ní ọmọ iṣẹ́ òun ti sọ́ọ̀bù pa lọ jẹun. Mo lọ bi àwọn tó ni sọ́ọ̀bù náà léèrè. Fóònù ni wọ́n ń tún ṣe níbẹ̀, wọn ò mọ̀ ọ́n rí. Orúkọ rẹ̀ pàápàá kò dúró sójú kan: Àlàájì ni fún ẹnì kan, Pásítọ̀ ni fún ẹlòmíràn. Ọ̀nà tó ń gbà ṣe é ni kí ẹ fi dá a mọ̀.

Èmi kọ́ ló lù ní jìbìtì. Ọ̀dọ̀ mi ní Ṣùúrùlérè ni àwọn tó rà á máa ń gbé páálí náà wá, pé kí n bá àwọn kàn án. Àbúrò kan tó gbé tiẹ̀ wá láìpẹ́ yìí ló jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ síta, nítorí owó tó san lé ní mílíọ̀nù kan, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òun ni àkọ́kọ́.

Ìdí tí iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin yìí fi ń pẹ́ kó tó hàn rèé. Ẹni tó ra fóònù gbàrọgùdù á mọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n kíìtì, pákó balsa pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ni, àti plywood, àti ìwé pílánì tí wọ́n ká. Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè lè fi oṣù mẹ́fà kan egungun rẹ̀ nìkan. Nígbà tí yóò bá fi kan ẹ́ńjìnnì, nọ́ńbà ẹni tó tà á fún un ti kú. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ìyẹn ni pákó tó wà lókè páálí ṣe máa ń dára, tó sì máa ń pé. Ìsàlẹ̀ ni ẹ̀tàn wà.

Yóò kọ́kọ́ sọ fún yín pé kí ẹ má ya sẹ́lótéèpù ara páálí. "Ẹ̀gbọ́n mi, tẹ́ ẹ bá ti ya á báyìí, gàráǹtì ti lọ nìyẹn o." Gàráǹtì wo? Ta ló fún un? Sẹ́lótéèpù náà tuntun lóòótọ́, àmọ́ ẹ wo abẹ́ rẹ̀: ibi tí wọ́n ti ya èyí àkọ́kọ́ kúrò, tó ti bó ara páálí, hàn kedere.

Ẹ́ńjìnnì ti àbúrò yìí, "tuntun nínú ọ̀rá" ló pè é. Mo tú sáléńsà rẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò náà. Bí ilé iṣẹ́ tiẹ̀ dán ẹ́ńjìnnì wò díẹ̀ kí wọ́n tó kó o sí páálí, ara písítìn rẹ̀ ṣì máa ń mọ́. Ti eléyìí ti dúdú, èédú ti gbá a lára, písítìn sì ti ha. Orí àwọn bóòtù rẹ̀ ti jẹ. Wọ́n fọ̀ ọ́ ni, wọ́n wá fi ọ̀rá wé e. N ò bá tokunbo jà o. Tokunbo tó dára wà, ẹni tó bá sì tà á ní iye tokunbo kò ṣẹ̀ mí. Èyí tí ẹ san owó tuntun fún ni mò ń wí. CDI tó wà pẹ̀lú rẹ̀ pàápàá, ìyẹn àpótí kékeré tó ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná, ti ẹ́ńjìnnì mìíràn ni: púlọ́ọ̀gì kékeré CM-6 ló wà lórí ẹ́ńjìnnì, fìlà CDI sì tóbi jù ú lọ, kò lè dúró lórí rẹ̀.

Èyí tó bí mi nínú jù ni táǹkì. Ẹ́ńjìnnì bàálù irú kejì wà tí wọ́n ń pè ní glow, methanol ló ń mu, methanol kì í sì í ṣe rọ́bà silicone ní nǹkan kan. Pẹtiróòlù á jẹ ẹ́. Ọkùnrin yìí kó táǹkì àti rọ́bà glow tí kò rí tà sínú páálí onípẹtiróòlù. Mo gé díẹ̀ nínú rọ́bà náà, mo jù ú sínú ìgò pẹtiróòlù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti wú, ó ti gùn sí i, mo rọra fà á báyìí, ó já sí mi lọ́wọ́. Ẹ wá rò ó wò: kó já bẹ́ẹ̀ nínú ikùn bàálù, epo ń dà, bátìrì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, CDI sì ń ta iná. Rọ́bà Tygon, èyí tó mọ́ gaara tó pọ́n díẹ̀ bí ìyeyè, ni ti pẹtiróòlù. Ìdérí táǹkì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti pẹtiróòlù.

Pákó iwájú tí a ń de ẹ́ńjìnnì mọ́ náà ńkọ́? Wọ́n ti yọ ti kíìtì, wọ́n fi plywood tí kàfíńtà fi ń ṣe ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù dípò. Ẹ́ńjìnnì tó ń yí pòpélà ínṣì 22 á fa pákó yẹn já lójú òfurufú.

Àwọn servo, ìyẹn mọ́tò kéékèèké tó ń darí apá àti ìrù bàálù, "onírin" ló kọ sára wọn. Ẹ tú skúrúù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà lábẹ́ ọ̀kan, kí ẹ ṣí ìdérí òkè: jíà rọ́bà funfun lẹ ó bá níbẹ̀. Rédíò, tó bá ní éríà gígùn tí à ń fà yọ, ti àtijọ́ ni, receiver 2.4GHz òde òní, èyí tó ń gba àṣẹ rédíò nínú bàálù, kò ní gbọ́ ọ. Kódà nínú 2.4GHz, receiver ilé iṣẹ́ Futaba kì í gbọ́ rédíò ti Spektrum.

Tí ẹ bá pè é pé nǹkan ò pé, ibẹ̀ ló ti máa gba owó ẹlẹ́ẹ̀kejì. Á ní èyí tó kù wà nínú ẹrù tó dé sí pápákọ̀ òfurufú, àwọn aṣọ́bodè ti gbà á, kí ẹ fi owó ránṣẹ́ kí òun fi yọ ọ́. Òótọ́ díẹ̀ ló fi ń bo irọ́ náà. Àwọn aṣọ́bodè máa ń gba dírónù tí kò ní ìwé àṣẹ láti ọ́fíìsì ONSA, ìyẹn ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ọ̀rọ̀ ààbò, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n owó aṣọ́bodè, bánkì ni wọ́n ti ń san án sí àpò ìjọba, kì í ṣe sí àkáǹtì bọ̀dá kan tó ní òun ni ẹ̀jẹ́ńtì. Àbúrò yìí ti san án lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún ní owó ibi tí ẹrù sùn sí kù.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ rà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kó ní kí wọ́n ya páálí níṣojú òun, nínú sọ́ọ̀bù tó ní àdírẹ́sì lórí rìsíìtì, kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Tí ẹ ò bá mọ ẹ́ńjìnnì, ẹ mú ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnnì agégi ṣe dání. Mọ̀lẹ́bí kan náà ni wọ́n, kábúrétọ̀ Walbro kan náà ló sábà máa ń wà lára wọn, á sì fọwọ́ yí i kó mọ̀ bóyá kọmpiréṣọ̀n ṣì wà.

Ẹni tó bá ti san owó, kó sáré lọ sí bánkì rẹ̀ lónìí kí wọ́n lè gbìyànjú àtidá owó náà dúró, kó tó lọ bá àwọn ọlọ́pàá Special Fraud Unit ní Milverton Road, Ìkòyí. Ẹ má pa àwọn ọ̀rọ̀ WhatsApp yẹn rẹ́, bó ti wù kí inú bí yín tó.

Ó ti ń fi nọ́ńbà tuntun polówó báyìí, àmọ́ kò tíì pààrọ̀ àwòrán: bàálù pupa lórí kápẹ́ẹ̀tì àwọ̀ ewé, pẹ̀lú fáànù tábìlì lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá rí i kó fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí mi, mò ń kó wọn jọ fún àbúrò yìí láti mú lọ sí Ìkòyí.