Íńtálọ́ọ̀kì oníhò ní Àkúrẹ́: búlọ́ọ̀kù dára, ẹ wo abẹ́ rẹ̀

Íńtálọ́ọ̀kì oníhò, èyí tí koríko ń hù láàárín rẹ̀, làwọn tó ń rọ búlọ́ọ̀kù ń polówó pé kì í jẹ́ kí àgbàrá dúró nínú ọgbà ilé. Òótọ́ ni, bí wọ́n bá tẹ́ ẹ bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe sábà máa ń tẹ́ ẹ, ẹwà lásán lẹ fowó rà.

Kí ẹ tó rà á, ẹ fi ọ̀kan gbá ìkejì. Èyí tó bá dún gangan ti gbó. Èyí tó bá dún kúbú, tí etí ihò rẹ̀ sì ń rún sí yín lọ́wọ́, wọn kò bu omi rin ín tó, táyà ni yóò fọ́ ọ. Ẹ béèrè èyí tó nípọn tó sẹ̀ntímítà 8, tó sì ti lo ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí wọ́n rọ ọ́.

Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 38, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ ilẹ̀ pupa ìsàlẹ̀ náà pa, torí omi kò ní rí ibi gbà mọ́. Ẹ tẹ́ geotextile, aṣọ tó ń jẹ́ kí omi kọjá ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kí ilẹ̀ dà pọ̀ mọ́ òkúta, ẹ da gíránáìtì three-quarter (ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì) tí wọ́n ti fọ eruku rẹ̀ kúrò sí i, sẹ̀ntímítà 25, kí ẹ fi èyí tó wẹ́ jù ú lọ lé e, sẹ̀ntímítà 5, kí búlọ́ọ̀kù tó gorí rẹ̀. Ibi táwọn birikilà ti ń bà á jẹ́ nìyí: stone dust, ìyẹn eruku òkúta, ni wọ́n ń dà sí i, torí ó yá láti tẹ́jú. Eruku yẹn á dí gbogbo àlàfo, omi á sì dúró lókè. Àwọn kan tún ń po sìmẹ́ǹtì mọ́ ọn! Kọnkéré oníhò nìyẹn.

Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Òjò mìlímítà kan lórí square metre kan (mítà kan níbùú, mítà kan lóròó), lítà kan ni. Òjò mìlímítà 50 lórí òrùlé tó jẹ́ square metre 150 á fún yín ní lítà 7,500. Àlàfo inú gíránáìtì tó nǹkan bí ìdá 40 nínú 100, nítorí náà square metre 60 tí ẹ tẹ́ á gba nǹkan bí lítà 6,000. Òjò tó rọ̀ sórí rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti gba 3,000 níbẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ da gbogbo omi òrùlé sí i kò ṣírò. Ẹ darí èyí tó pọ̀ jù sínú tánkì, kó má baà tún wọ gọ́tà lọ bá odò Àlà.

Ẹ dán ilẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ gbẹ́ kòtò dé ìsàlẹ̀ ibi tí gíránáìtì yóò dé, ẹ pọn omi kún un, ẹ jẹ́ kó fà tán, ẹ tún un pọn. Bí omi ò bá lọ sílẹ̀ tó ààbọ̀ íǹṣì láàárín wákàtí kan, ẹ fi páìpù PVC oní-íǹṣì mẹ́rin tí wọ́n lu ihò sí lára sí ìsàlẹ̀ gíránáìtì, kó gbé omi jáde. Bí ẹ bá bá àpáta, tí Àkúrẹ́ ò sì ṣàìní, ẹ fi owó yín ra tánkì. Kí ibi tí ẹ bá tẹ́ íńtálọ́ọ̀kì sí jìnnà sí ògiri ilé tó mítà 3, kó sì jìnnà dáadáa sí kànga.

Ti koríko: ilẹ̀ tí ẹ bá dì sínú ihò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ojú búlọ́ọ̀kù, kí táyà má baà tẹ gbòǹgbò pa. Níbi tí mọ́tò bá ń sùn tọ̀sán-tòru, koríko ò ní hù. Òkúta wẹ́wẹ́ ni kí ẹ dà síbẹ̀.

Búlọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀, mo fún un ní máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń tẹ́ ẹ, ọ̀kan. Kí tipper má ṣe gùn ún rárá, kí ẹ sì gbá iyanrìn tí àgbàrá bá gbé wọlé láti ẹnu géètì kúrò kí òjò tuntun tó dé.