Ètò ìtọ́sọ́nà akẹ́kọ̀ọ́ láti girama dé kọ́lẹ́ẹ̀jì: èwo ló ń bá ọmọ dé òpin ọ̀nà?

Kò sí ètò ìtọ́sọ́nà akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í sọ pé òun yóò bá ọmọ rìn jìnnà. Ẹ fi ìpolówó sílẹ̀, kí ẹ bi wọ́n léèrè ohun kan: bí ọmọ bá ti jáde girama, tí kọ́lẹ́ẹ̀jì kò sì tíì wọlé, ọwọ́ ta ló wà? Ibẹ̀ ni okùn sábà máa ń já sí. Òun náà la fi wọn mẹ́ta nínú àwọn ètò tó lórúkọ ní Amẹ́ríkà: Big Brothers Big Sisters, iMentor àti Friends of the Children.

Big Brothers Big Sisters ti wà láti 1904. Àgbàlagbà kan tó yọ̀ǹda àkókò rẹ̀ láìgba owó ni wọ́n ń so pọ̀ mọ́ ọmọ kan. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 1995, wọ́n tọpa ọmọ 959 fún oṣù 18. Wọ́n fún àwọn kan ní olùtọ́sọ́nà, wọ́n ní kí àwọn yòókù ṣì dúró ná. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn olóró láàárín àwọn tó ní olùtọ́sọ́nà fi ìdá 46 nínú 100 kéré sí ti àwọn yòókù, ọjọ́ tí wọ́n fi sá nílé-ìwé náà sì dín ní nǹkan bí ìdajì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó ká wa lára jù wá jáde: ní 2002, àwọn olùwádìí tún tú ìsọfúnni kan náà palẹ̀, wọ́n rí i pé ìbáṣepọ̀ tó pé ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ṣe ọmọ láǹfààní jù. Èyí tó já kó tó pé oṣù mẹ́ta, ńṣe ló bá ọmọ jẹ́: ojú tó fi ń wo ara rẹ̀ rẹlẹ̀ sí i. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun máa kó lọ sí ìlú mìíràn lọ́dún yìí, kó má forúkọ sílẹ̀ rárá.

Ọ̀rẹ́ ni ètò yìí wà fún, kì í ṣe ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó dára fún ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mẹ́rìnlá. Nígbà tó bá kan fọ́ọ̀mù kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ wá ẹlòmíràn kún un.

iMentor bẹ̀rẹ̀ ní New York ní 1999. Kíláàsì kọkànlá, ìyẹn ọdún tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn ní girama Amẹ́ríkà, ló ti ń mú ọmọ, ó sì ń bá a lọ títí di ọdún tó tẹ̀lé girama. Ọmọ àti olùtọ́sọ́nà ń kọ̀wé síra wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ń ríra lójúkojú lóṣooṣù. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun nìkan ni wọ́n dìídì gbé kalẹ̀ fún àlàfo tó wà láàárín girama àti kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí. Àléébù rẹ̀ ni pé ó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ìṣirò ti fi sílẹ̀ láti kíláàsì kẹjọ, lẹ́tà ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ kò lè bá a lé e padà. Olùkọ́ àfikún ló nílò.

Friends of the Children, tó bẹ̀rẹ̀ ní Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon, ní 1993, yàtọ̀ pátápátá. Láti ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n ti ń mú un, fún ọdún 12 ó kéré tán. Iṣẹ́ oṣù ni iṣẹ́ olùtọ́sọ́nà níbẹ̀, ọmọ bíi mẹ́jọ ló sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gbọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Owó oṣù yìí ló ń jẹ́ kí wọ́n lè dúró. Òun náà ni kò jẹ́ kí wọ́n lè mú ọmọ púpọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ibi tí okùn ti ń já. Ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí ti rí i pé nínú ọmọ 100 tó ti pinnu láti lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, 10 sí 20 kì í yọjú nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé. Kì í ṣe ọpọlọ ló kù díẹ̀ káàtó. Agbaninímọ̀ràn girama ti lọ ìsinmi, kọ́lẹ́ẹ̀jì kò sì tíì mọ ọmọ náà. Láàárín àkókò yẹn ni wọ́n ń béèrè ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára, owó ìdáyè sí ilé ìgbé, ìdánwò tí wọ́n fi ń pín ọmọ sí kíláàsì, àti ẹ̀rí owó tó ń wọlé fún òbí. Ìwé owó lè dé pẹ̀lú owó ìbánigbófò ìlera tí kò sẹ́ni tó retí, nígbà tó jẹ́ pé fọ́ọ̀mù ojú ìwé kan ló máa yọ ọ́ kúrò bí òbí bá ti ní tirẹ̀.

Olùtọ́sọ́nà tó mọṣẹ́ máa ń jókòó ti ọmọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ìwé ìgbaniwọlé bá dé, wọ́n á jọ ṣí ojú-ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ á sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo gbèdéke ọjọ́ sílẹ̀. A tẹnu mọ́ “ọwọ́ ara rẹ̀”. Bí ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n fi ń wọ ojú-ìwé náà bá wà lórí fóònù olùtọ́sọ́nà, ìtọ́sọ́nà ti di iṣẹ́ akọ̀wé nìyẹn.

Tí ọmọ bá wọlé tán, “Báwo ni ilé-ìwé?” kò wúlò, torí “Ó ń lọ dáadáa” ni ìdáhùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kí olùtọ́sọ́nà ní kí ọmọ fi ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ tó le jù lọ han òun: ìgbà wo ni ìdánwò àkọ́kọ́, ìdá mélòó ló kó nínú máàkì, ṣé ó ti dé ọ́fíìsì olùkọ́ náà rí? Kó tún pè é lẹ́yìn ìdánwò ìdajì sáà, nígbà tí àyè ṣì wà láti jáwọ́ nínú ẹ̀kọ́ tó ń lọ sínú kòtò.

Ẹ ṣọ́ra fún iye tí wọ́n ń gbé jáde. Ètò kan lè sọ pé ìdá 90 nínú 100 ọmọ òun ló wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Nínú mélòó? Bí 100 bá bẹ̀rẹ̀, tí 40 fi ètò sílẹ̀ lójú ọ̀nà, tí 54 nínú 60 tó kù wọlé, 90 náà nìyẹn lẹ́nu wọn. Tá a bá kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, 54 ni. Ẹ tún béèrè mélòó ló ṣì wà pẹ̀lú olùtọ́sọ́nà kan náà lẹ́yìn oṣù 12, àti bí wọ́n ṣe ń fi ọmọ lé ọwọ́ olùtọ́sọ́nà tuntun bí ti àkọ́kọ́ bá lọ. Ìpàdé ẹlẹ́ni mẹ́ta (ọmọ, olùtọ́sọ́nà àkọ́kọ́ àti tuntun), ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì, la fẹ́ gbọ́. Ètò tó bá ní ímeèlì lòún fi ń ṣe é, kò yẹ fún ọmọ yín.