Photodiode fún ìmọ́lẹ̀ tó ń yára: èwo ni kí ẹ rà?

Ẹni tó bá fẹ́ mú ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn tó ń kú wéréwéré, bí ojú photodiode (ẹ̀yà kékeré tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná mànàmáná) ṣe fẹ̀ tó ni kó kọ́kọ́ wò. Èyí tójú rẹ̀ fẹ̀ rọrùn láti tanná sí, àmọ́ capacitance rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń kó iná pamọ́ sínú ara rẹ̀, máa ń pọ̀, ìyẹn ló sì ń fà á sẹ́yìn.

Ẹ wo BPW34, tó wọ́pọ̀ tí kò sì wọ́n. Ojú rẹ̀ tó 7.5 mm², capacitance rẹ̀ sì tó nǹkan bí 70 pF tí ẹ ò bá fún un níná rárá. Ẹ so ó mọ́ rẹ̀sísítọ̀ 1 MΩ, kò ní lè kọjá nǹkan bí 2 kHz: 1 ÷ (2π × rẹ̀sísítọ̀ × capacitance) ni ìṣirò rẹ̀. Ẹ fi 50 Ω rọ́pò rẹ̀, ìṣirò kan náà á gbé e dé 45 MHz, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fóltéèjì tó máa jáde á kéré jọjọ. Ọ̀pọ̀ tó ń bú BPW34 pé ó lọ́ra, rẹ̀sísítọ̀ wọn ló jẹ̀bi. Tí ẹ bá tún fi 3 V sí i lódìlódì, kí pọ́sítíìfù wà níbi cathode (ẹsẹ̀ négátíìfù rẹ̀), 70 pF yẹn á wálẹ̀ sí nǹkan bí 25.

SFH 203 ni èmi máa ń júwe fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀: ojú 1 mm², 11 pF láìsí iná, lẹ́ńsì sì ti wà lórí rẹ̀. S5973 ti Hamamatsu yára jù ú lọ fíìfíì, ó ń dé 1 GHz, àmọ́ ojú rẹ̀ ò ju 0.4 mm lọ ní ìbú. Ẹni tí ò ní lẹ́ńsì tó dáa, kó má dáwọ́ lé e.

Sílíkọ́ọ̀nù ni gbogbo wọn, wọn ò sì ríran kọjá nǹkan bí 1100 nm. Ìmọ́lẹ̀ inú wáyà fáíbà, 1310 àti 1550 nm, photodiode InGaAs (indium gallium arsenide) ló ń rí i. Ó wọ́n, kò sì sí ọ̀nà àbùjá.

APD (avalanche photodiode, èyí tó ń sọ iná tó ń mú jáde di púpọ̀ nínú ara rẹ̀) ńkọ́? Ti sílíkọ́ọ̀nù lè sọ iná kékeré di ìlọ́po 100, àmọ́ ó sábà ń fẹ́ 100 sí 200 V, ooru sì ń yí ìlọ́po yẹn padà. Ẹ má rà á àfi tí ìmọ́lẹ̀ yín bá kéré jọjọ. Phototransistor, ìyẹn transistor tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣí, lọ́ra ní tiẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún rìmóòtù.

Tí ẹ bá ń fi datasheet (ìwé àlàyé tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ) wéra, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà. Ilé iṣẹ́ Vishay fi 1 kΩ àti 10 V wọn 100 ns ti BPW34, ìyẹn àkókò tí iná rẹ̀ fi ń gòkè tí ìmọ́lẹ̀ bá tàn. 50 Ω àti 20 V ni àwọn tó ṣe SFH 203 fi wọn 5 ns tirẹ̀.