Oṣù Mẹ́jọ Pẹ̀lú Ẹ̀rọ Tó Ń Bá Mi Ṣọ́ Ilé Adìyẹ ní Ilé-Ifẹ̀

Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí, nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an, iná ìjọba lọ ní ilé adìyẹ mi tó wà lẹ́yìn ìlú ní ọ̀nà Ẹdẹ. Ọmọkùnrin tó ń bá mi ṣọ́ ibẹ̀ kò mọ̀, nítorí oorun ti gbé e lọ. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀ láti Parákin tí mò ń gbé, mo bá àwọn ọmọ adìyẹ ọlọ́jọ́ mẹ́rin tí wọ́n ti gun ara wọn lórí ní igun kan ṣoṣo, 41 nínú 300 sì ti kú. Kì í ṣe òtútù nìkan ló pa wọ́n: àwọn tó ń wá ooru lókè ló tẹ àwọn tó wà nísàlẹ̀ pa. Èyí ló mú kí n ra ẹ̀rọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ní oṣù kẹta, mo sì ti ń lò ó láti ìgbà náà ní ilé adìyẹ àti nínú ilé tí mò ń gbé.

Ẹ̀rọ náà wà lára ohun tí wọ́n ń pè ní Íńtánẹ́ẹ̀tì Àwọn Nǹkan. Kevin Ashton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ló fún un lórúkọ yẹn ní ọdún 1999. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kí ohun tí kì í ṣe kọ̀ǹpútà, ì báà ṣe fìríìjì, pọ́ǹpù tàbí gílóòbù, lè máa sọ bí ara rẹ̀ ti rí fún ẹni tó ni ín láti ọ̀nà jíjìn, kí ó sì máa gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tí mo rà ní àpótí kékeré kan tó gba káàdì síìmù, tó sì ní bátìrì nínú. Ó ní sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta tó ń wọn ooru àti ọ̀rinrin afẹ́fẹ́, swíìṣì kan tó ń tan iná tó sì ń pa á, àti sẹ́ńsọ̀ kan fún táǹkì omi. Orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti rí lára irú àpótí yìí kan náà lọ́jà, nítorí náà iṣẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. ₦185,000 ni mo san, owó oníná tó bá mi so ó kò sì sí nínú rẹ̀.

Ọmọ adìyẹ ọjọ́ kan kò tíì lè mú ara rẹ̀ gbóná. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ooru tó yẹ ẹ́ wà láàárín 32°C sí 35°C, lẹ́yìn náà ni a óò máa dín in kù ní nǹkan bí 3°C lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ìyẹ́ yóò fi bò ó. Mo mọ èyí dáadáa, síbẹ̀ mo ṣe àṣìṣe ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lo ẹ̀rọ náà, nítorí pé mo so sẹ́ńsọ̀ kọ́ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ gílóòbù, níbi tí wáyà rẹ̀ ti tètè dé. Fóònù mi ń sọ pé 34°C, ọkàn mi sì balẹ̀. Nígbà tí mo wọlé, mo rí i pé wọ́n kó ara wọn jọ pọ̀ sábẹ́ iná, wọ́n ń ké, ohùn wọn sì ga ju ti ọmọ adìyẹ tí ara rẹ̀ tù lọ. Mo kúnlẹ̀, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé èérún pákó tí wọ́n dúró lé, ó tutù. Mo sọ sẹ́ńsọ̀ náà kalẹ̀ títí ó fi ku ìwọ̀n ìka mẹ́rin sí ilẹ̀, níbi tí ẹ̀yìn ọmọ adìyẹ ga dé, kò sì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí nọ́ńbà náà fi já wálẹ̀ sí 29°C. Ẹ̀rọ náà kò parọ́. Ooru orí gílóòbù ló ń sọ fún mi, nígbà tó jẹ́ pé ooru ilẹ̀ ni mo ń wá.

Ohun tó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀ ní àdúgbò wa kọ́kọ́ bèèrè ni ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe nígbà tí iná bá lọ. Kí n tó ra èyí, mo ti ra sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó ń lo Wi-Fi, mo sì bu ọlá fún un gan-an ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí pé mo lè jókòó ní Parákin kí n sì tan iná ní ọ̀nà Ẹdẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná ìjọba lọ, ráútà tó ń pín Wi-Fi kú, sọ́kẹ́ẹ̀tì kú, ohun tó yẹ kó sọ fún mi pé iná ti lọ sì dákẹ́ pẹ̀lú wọn. Àpótí tí mo ń lò báyìí kò rí bẹ́ẹ̀. Bátìrì rẹ̀ ń gbé e fún wákàtí mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn tí iná bá lọ, bí mo ti wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Káàdì síìmù rẹ̀ sì ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, ó sì ń pe fóònù mi àti ti ọmọkùnrin náà lẹ́ẹ̀kan náà. Inú àpótí fúnra rẹ̀ ni àwọn òfin tí mo fún un wà, nítorí náà, bí iná bá wà ṣùgbọ́n tí íńtánẹ́ẹ̀tì kò sí, ó ṣì mọ̀ pé kí òun tan gílóòbù bí ooru bá lọ sísàlẹ̀ 32°C, kí òun sì pa á bí ó bá kọjá 35°C.

Ní oṣù kẹjọ, òru ọjọ́ kan tí òjò rọ̀ ṣúlẹ̀, fóònù mi dún ní aago méjì kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Àtẹ̀jíṣẹ́ náà kò gùn: iná ti lọ, ooru jẹ́ 30.2°C, ó sì ń wálẹ̀. Mo pe ọmọkùnrin náà.

“Ọ̀gá, mo ti dìde,” ó dá mi lóhùn. “Ìpè yẹn ti jí mi kí ẹ tó pè. Èédú ti ń ràn.”

Mo rán an létí pé kí ó ṣí fèrèsé apá òkè díẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára èédú kò ṣeé fi ojú rí, ó sì lè pa ènìyàn àti adìyẹ pa pọ̀. Mo jókòó sórí ibùsùn, mò ń wo nọ́ńbà náà bó ti ń gòkè: 29.6, 30.1, 31.4. Nígbà tó di 32.8, mo padà sùn. Kò sí èyí tó kú lóru náà.

Ẹnìkan lè máa rò pé síìmù inú àpótí yóò máa jẹ owó púpọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ sì dùn mọ́ mi nígbà tí mo mọ̀ ọ́n. Ìlànà tí ẹ̀rọ yìí fi ń bá íńtánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè ní MQTT. Andy Stanford-Clark àti Arlen Nipper ló ṣe é ní ọdún 1999 fún ṣíṣọ́ àwọn páìpù epo rọ̀bì tó jìnnà sí ìlú, níbi tó jẹ́ pé sátẹ́láìtì ni wọ́n ń gbà ránṣẹ́, tí ọ̀nà náà sì há, tó tún wọ́n. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kúkúrú gan-an ló ń rán. Ohun tí wọ́n ṣe fún páìpù epo ló wá bá ilé adìyẹ mu ní Ifẹ̀, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń lọ tó máa ń bọ̀. Dátà tí kò tó 1GB ló ń tó mi fún oṣù kan.

Ó ní àléébù, mi ò sì ní fi pamọ́. Ìgbẹ́ adìyẹ ń mú afẹ́fẹ́ amóníà jáde, amóníà àti eruku sì ń ba sẹ́ńsọ̀ ọ̀rinrin jẹ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọ̀rinrin jẹ́ 99% nígbà gbogbo, àní lọ́sàn-án gangan tí oòrùn mú. Mo ní láti ra òmíràn. Láti ìgbà yẹn, mo máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn ojú wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo sì so tẹmómítà onígíláàsì kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ wọn láti máa fi yẹ̀ wọ́n wò. Àléébù kejì ni áàpù rẹ̀, nítorí pé kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, tó wà lókè òkun, ló ń gbára lé. Ọjọ́ méjì gbáko ni kò fi ṣí ní oṣù kẹfà, mo kọ̀wé sí wọn lẹ́ẹ̀mẹta, wọn kò fèsì. Àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan ló gbà mí, nítorí tààrà láti inú síìmù ló ti ń wá. Bí kì í bá ṣe ti àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ni, ǹ bá ti dá ẹ̀rọ náà padà.

Ti táǹkì ilé kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ń rán ìró tí etí wa kò lè gbọ́ sí ojú omi, ó sì ń fi àkókò tí ìró náà fi padà wá mọ bí omi ti kù tó. Ó ń sọ fún wa kí omi tó tán, ìyàwó mi kò sì gun àkàbà mọ́ láti lọ yọjú wo inú táǹkì. Oru omi máa ń lẹ̀ mọ́ ọn nígbà mìíràn, á wá sọ pé táǹkì kún nígbà tí kò kún.

Ohun kan wà tí mo ṣe kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ náà rárá: mo pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá a wá. Ní ọdún 2016, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Mirai gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ kámẹ́rà àti ráútà lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n, kìkì nítorí pé wọn kò pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà tí ilé-iṣẹ́ fi síbẹ̀. “admin” ni ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n kọ sínú ìwé tó bá tèmi wá. Oníná tó bá mi so ó fẹ́ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì kọ̀.

Fún ẹni tí adìyẹ rẹ̀ kò ju ogún lọ, owó náà pọ̀ jù. Kí ó ra tẹmómítà, kí ó sì máa jí lóru. Fún ẹni tó ń kó 200 sókè wọlé lẹ́ẹ̀kan, tàbí tó ń ta ẹja dídì, tàbí tó ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára tí kò gbọ́dọ̀ kúrò láàárín 2°C sí 8°C, mo gbà á nímọ̀ràn pé kí ó rà á, bí ẹ̀rọ náà bá ti ní síìmù àti bátìrì.

Ọyẹ́ tún ti ń bọ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, ọmọ adìyẹ 350 yóò dé. Mo ti nu sẹ́ńsọ̀, mo ti ra dátà, mo sì ti fi nọ́ńbà ìyá ọmọkùnrin náà kún àwọn tí àpótí yóò máa pè, nítorí òun kì í sùn wọra.