Máàkì Metacritic, ìdá Steam tàbí iye tí géèmù tà: èwo ló ń sọ òótọ́?

Láti 2001 ni Metacritic ti ń kó máàkì tí àwọn oníròyìn fún géèmù jọ, tí ó ń sọ ọ́ di nọ́ńbà kan ṣoṣo láàárín 0 sí 100. Kì í pín in dọ́gba o: máàkì ìkànnì kan lè wúwo ju ti òmíràn lọ, wọn ò sì sọ ìwọ̀n tí wọ́n ń lò síta. Pẹ̀lú èyí náà, tí a bá fi í wé iye tí géèmù tà, máàkì ló sún mọ́ òótọ́ jù.

Ọjà lè yá nítorí ìpolówó, nítorí orúkọ, tàbí nítorí ohun tí wọ́n dì mọ́ ọn. Wii Play, géèmù Nintendo fún ẹ̀rọ Wii, tà ju mílíọ̀nù 28 lọ, bẹ́ẹ̀ 58 péré ló gbà lórí Metacritic. Rìmóòtù ló tà á: Nintendo fi rìmóòtù Wii kan sínú páálí kan náà, ẹni tó bá ń wá rìmóòtù kejì kàn fi owó díẹ̀ lé e ni, géèmù ti bá a délé. Okami ti 2006 ní tirẹ̀ gba 93 lórí PS2 (ẹ̀rọ géèmù PlayStation 2 ti Sony), ọjà ò yá, Clover Studio tó ṣe é sì kógbá wọlé ní 2007. Among Us wà nílẹ̀ láti 2018 láìsí ẹni tó bìkítà. 2020 tí àwọn onífídíò orí ayélujára gbé e ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóná. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Cyberpunk 2077 ló tú àṣírí méjèèjì. Ẹ̀dà mílíọ̀nù 8 ni àwọn èèyàn ti rà sílẹ̀ kó tó jáde ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá, 2020, nígbà tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò tíì fọwọ́ kàn án. Ẹ̀dà kọ̀ǹpútà nìkan sì ni àwọn oníròyìn rí yẹ̀ wò ṣáájú: 86 ló gbà. Lórí PS4, ó ń falẹ̀, ó ń kú mọ́ èèyàn lọ́wọ́. 57 ni tibẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, Sony ti yọ ọ́ kúrò nínú PlayStation Store, géèmù náà sì ti tà ju mílíọ̀nù 13 lọ. Máàkì ẹ̀rọ tí ẹ ní gan-an ni kí ẹ wò.

Metacritic ní àbùkù mìíràn: máàkì àkọ́kọ́ tí ìkànnì bá fún géèmù ni wọ́n ń lò, wọn kì í gba àyípadà. No Man's Sky ṣì wà ní 71 lórí PS4 láti 2016, bẹ́ẹ̀ àtúnṣe ọ̀fẹ́ tó ti wọ inú rẹ̀ kò kéré. Ẹ má sì jẹ́ kí 84 àti 86 dá ìjà sílẹ̀. Àwọn tó ṣe Fallout: New Vegas pàdánù owó ẹ̀bùn nítorí pé 84 ni wọ́n gbà dípò 85, àmọ́ kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ mú ìyàtọ̀ yẹn nínú géèmù. Ní ti máàkì àwọn aráàlú lórí Metacritic, ẹni tí ò rà á náà lè fún un ní 0. Ẹ fò ó.

Àbùkù pé máàkì kì í yí padà bí ọjọ́ ti ń lọ, Steam, ìtajà géèmù kọ̀ǹpútà orí ayélujára, ló ń yanjú rẹ̀. Ẹni tó bá ní géèmù náà lórí Steam nìkan ló lè kọ̀wé síbẹ̀, iye wákàtí tó ti fi gbá a sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n 95% kì í ṣe máàkì 95: ó kàn ń sọ pé nínú 100, 95 gbà pé kí ẹlòmíràn rà á. Géèmù kékeré tí kò bí ẹnikẹ́ni nínú lè tipa bẹ́ẹ̀ ga ju géèmù ńlá tó dán ohun tuntun wò.

Lórí Steam, ẹ fi Recent Reviews, ìyẹn ìdá ti 30 ọjọ́ àìpẹ́, wé All Reviews, ìyẹn ti gbogbo ìgbà. Bí ti àìpẹ́ bá fi nǹkan bí 15% rẹlẹ̀, ẹ wo àwòrán òpó tó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ọjọ́ kan tàbí méjì ni pupa, ìyẹn ti àwọn tó kọ̀ ọ́, ga fíofío, ìbínú ọ̀rọ̀ mìíràn ló sábà máa ń jẹ́. Bó bá ń ga díẹ̀díẹ̀, àtúnṣe kan ló ba nǹkan jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ọ̀rọ̀ àwọn tó kọ̀ ọ́ lẹ́yìn wákàtí 10 sókè. Bí ẹ bá rà á tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, Steam máa ń dá owó padà láàárín ọjọ́ 14, bí ẹ kò bá tíì gbá a tó wákàtí 2. Ìṣẹ́jú tí géèmù fi wà ní ṣíṣí lójú mẹ́nù náà wà nínú wákàtí yẹn o.